Ọ̀nà Kan Kò Wọjà

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí n fi ìjẹ́wọ́ bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ mi, nítorí ẹni tí yóò bá rojọ́ fún ará ilé rẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sọ ibi tí òun fúnra rẹ̀ ti jẹ̀bi. Ní sáà ẹ̀kọ́ tí ó kọjá, olùkọ́ tí ń kọ́ wa ní àkọtọ́ èdè Yorùbá pe ọ̀kan nínú wa jáde pé kí ó wá kọ gbólóhùn kan sí ojú pátákó. Ẹni tí ó pè kì í ṣe ọmọdé. Màmá kan ni, tí ọjọ́ orí rẹ̀ ti lé ní 50 ọdún. Ó ti ń ṣe olùkọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kí a tó bí ọ̀pọ̀lọpọ̀ nínú wa, ọdún kejì wa ní yunifásítì ni ó sì wá bá wa. Màmá mú ṣọ́ọ̀kì, ó kọ "aiye", ó kọ "enia", ó kọ "nwọn". Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Èmi tí mò ń kọ ìwé yìí wà lára àwọn tí ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín mi kò sì kéré.

Màmá kò bínú. Nígbà tí a jáde, ó fi oríkì mi pè mí. Ó ní, "Àkàndé, ǹjẹ́ o mọ ẹni tí ó kọ́ mi bẹ́ẹ̀? Bàbá mi ni. Inú Bíbélì ni ó ti kọ́ mi ní ìwé. Ẹni tí ó túmọ̀ Bíbélì náà sí èdè Yorùbá, ǹjẹ́ o mọ iye ọdún tí ó ti lò láyé nígbà tí òun náà padà sí ilé-ẹ̀kọ́?"

Mo ní, "N kò mọ̀, mà."

Ó ní, "Lọ wò ó." Ó gbé àpò rẹ̀ kọ́ èjìká, ó sì lọ wọ ọkọ̀.

Mo lọ wò ó lóòótọ́. Ohun tí mo rí sì ju ìdáhùn ìbéèrè Màmá lọ. Mo rí i pé ìtàn ẹ̀kọ́ gíga ní ilẹ̀ wa, ìtàn àwọn àgbàlagbà ni ní apá tí ó pọ̀. Àwọn baba wa ní ọ̀nà kan kò wọjà. Ọ̀nà mẹ́rin ni mo rí tí àwọn àgbàlagbà gbà dé ọjà ìmọ̀, mo sì fẹ́ tò wọ́n lẹ́sẹẹsẹ kí àwa ọmọdé má baà máa rò pé àwa nìkan ni a ni ilé náà.

Ọ̀nà àkọ́kọ́ ni kí ènìyàn dìde láti ibi iṣẹ́ rẹ̀ kí ó sì lọ jókòó síwájú olùkọ́. Ọ̀nà tí Àjàyí Crowther gbà nìyí. Ìlú Òṣoògùn ni a ti kó o lẹ́rú ní ọdún 1821. Ní ọdún 1822 ni ọkọ̀ ogun ojú omi àwọn Gẹ̀ẹ́sì gbà á sílẹ̀ lọ́wọ́ àwọn tí ń kó ẹrú, tí wọ́n sì gbé e lọ sí ilẹ̀ Sàró. Nígbà tí a dá kọ́lẹ́ẹ̀jì Fourah Bay sílẹ̀ ní Freetown ní ọdún 1827, ó wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ wọ ibẹ̀. Ó jáde, ó di olùkọ́, ó gbé ìyàwó, ó bímọ. Lójú tiwa lónìí, a ó ní ó ti kàwé tán. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn tí ó bá àwọn Gẹ̀ẹ́sì rin ìrìn-àjò odò Ọya ní 1841, ó tún gbéra ní 1842, ó lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì Ẹgbẹ́ Ìjíṣẹ́ Ìhìnrere C.M.S. ní Islington ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù. Yóò tó ẹni ọdún 33 nígbà náà. Ní ọdún 1843 a fi í jẹ àlùfáà, ọdún yìí kan náà ni ìwé rẹ̀ lórí àwọn ọ̀rọ̀ èdè Yorùbá jáde. Lẹ́yìn náà ni ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìtumọ̀ Bíbélì. Ìwé sí àwọn ará Róòmù ti jáde ní 1850, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sì ń bá iṣẹ́ náà lọ títí odindi Bíbélì fi jáde ní 1884. Láti inú iṣẹ́ wọn ni "aiye" àti "enia" ti wọ ilé àwọn baba wa, ó sì wà níbẹ̀ títí di ọdún 1974 tí ìjọba fọwọ́ sí àkọtọ́ tí à ń lò lónìí. Àkọtọ́ tí àgbàlagbà akẹ́kọ̀ọ́ kan fi lélẹ̀ ni mo fi àgbàlagbà akẹ́kọ̀ọ́ mìíràn rẹ́rìn-ín.

Ṣùgbọ́n mélòó ni ó lè rí ọkọ̀ wọ̀ lọ sí Lọ́ńdọ̀nù? Ẹ má gbàgbé pé kò sí yunifásítì kankan ní ilẹ̀ Nàìjíríà kí ó tó di ọdún 1948. Ẹni tí ó bá fẹ́ gba oyè ìwé ní láti lọ sí Fourah Bay tàbí kí ó sọdá òkun, kò sì sí bí tálákà yóò ṣe rí owó bẹ́ẹ̀. Ibí yìí ni ọ̀nà kejì ti wúlò, èyíinì ni ọ̀nà ilé ìfìwéránṣẹ́. Láti ọdún 1858 ni Yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù ti gbà pé ẹnikẹ́ni, níbikíbi tí ó bá ti kàwé, lè ṣe ìdánwò òun kí ó sì gba oyè bí ó bá yege. Àwọn ilé-iṣẹ́ kan sì wà, bíi Wolsey Hall ní ìlú Oxford tí a dá sílẹ̀ ní 1894, tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti máa fi ẹ̀kọ́ ránṣẹ́ sí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀kọ́ yóò wá nínú àpò ìwé, ọkọ̀ ojú omi yóò gbé e dé Èkó. Akẹ́kọ̀ọ́ yóò kà á ní alẹ́ lẹ́yìn iṣẹ́ òòjọ́ rẹ̀, yóò dáhùn ìbéèrè inú rẹ̀, yóò sì dá a padà. Olùkọ́ tí kò rí i rí yóò tọ́ ọ sọ́nà lójú ìwé, ìwé yóò sì tún gbéra láti òkè òkun. Bí ohun kan kò bá yé akẹ́kọ̀ọ́ lónìí, ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọ̀sẹ̀ yóò kọjá kí ó tó rí ẹni tí yóò là á yé e.

Ẹni tí ó gba ọ̀nà yìí tí òkìkí rẹ̀ kàn jù ni Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀. Ìkẹ́nnẹ́ ni a ti bí i ní ọdún 1909. Bàbá rẹ̀ kú ní 1920, ìyà ìwé sì jẹ ẹ́. Ó ṣe olùkọ́, ó ṣe akọ̀wé, ó ṣe akọ̀ròyìn, ó ra kòkó, ó sì fi ọkọ̀ ṣòwò. Òwò náà dà á láàmú dé ibi gbèsè. Láàrin gbogbo wàhálà yìí ni ó ń ka ìwé tí a ń fi ránṣẹ́ sí i, ní ọdún 1944 ó sì gba oyè B.Com. ti Yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù láìkúrò ní Nàìjíríà. Ẹni ọdún 35 ni, onílé-àtọ̀nà sì ni. Ọdún yẹn kan náà ni ó tó wọ ọkọ̀ lọ sí Lọ́ńdọ̀nù láti kọ́ iṣẹ́ agbẹjọ́rò, ó sì parí rẹ̀ ní 1946. Nígbà tí ó di olórí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, ìjọba rẹ̀ ni ó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ fún àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kìíní ọdún 1955. Ẹ wò ó bí ọ̀rọ̀ ti rí: ọkùnrin tí kò rí àyè jókòó ní yunifásítì láti gba oyè rẹ̀ àkọ́kọ́, òun ni a fi orúkọ rẹ̀ pe Yunifásítì Ifẹ̀ ní ọdún 1987. Bí ó pẹ́ bí ó yá, akólòlò yóò pe baba.

Nígbà tí Yunifásítì Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1948, 104 péré ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ àkọ́kọ́. Kí ni 104 láàrin gbogbo ilẹ̀ Nàìjíríà? Àwọn aláṣẹ ibẹ̀ náà mọ̀ bẹ́ẹ̀, nítorí náà ní 1949 wọ́n dá ẹ̀ka kan sílẹ̀ tí a ń pè ní Extra-Mural. Ọmọ ilẹ̀ Gold Coast kan, Robert Gardiner, ni ó ṣe olórí rẹ̀ àkọ́kọ́. Èmi tí mò ń kọ́ èdè fẹ́ràn orúkọ yìí púpọ̀. Látìn ni, ohun tí ó sì túmọ̀ sí ni "ẹ̀yìn odi". Gbogbo wa ni a mọ ohun tí à ń pè ní ará ẹ̀yìn odi. Iṣẹ́ ẹ̀ka yìí ni láti gbé ẹ̀kọ́ yunifásítì lọ bá ará ẹ̀yìn odi ní ìlú rẹ̀, ní ìrọ̀lẹ́ nígbà tí ó bá ti iṣẹ́ dé. Ọ̀nà kẹta nìyí, ọ̀nà kíláàsì ìrọ̀lẹ́. Akọ̀wé ìjọba àti olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ a máa jókòó pọ̀ kọ́ nípa ìtàn, ètò ọrọ̀ ajé àti ìṣèlú. Ulli Beier, ẹni tí ọ̀pọ̀ wa mọ orúkọ rẹ̀ nítorí iṣẹ́ tí ó ṣe lórí àṣà wa, iṣẹ́ ẹ̀ka yìí ni ó gbé e kúrò nínú ọgbà Ìbàdàn tí ó fi dé Ẹdẹ, Ìlobùú àti Òṣogbo. Ẹ kò rí i pé olùkọ́ tí ó lọ sí ẹ̀yìn odi láti kọ́ni, òun náà kọ́ ẹ̀kọ́ níbẹ̀!

Ṣùgbọ́n kíláàsì ẹ̀yìn odi kì í fúnni ní oyè. Ẹni tí ó lọ síbẹ̀ yóò gbọ́n sí i, ṣùgbọ́n bí ó bá padà dé ibi iṣẹ́, ipò tí ó wà tẹ́lẹ̀ ni yóò wà. Àwọn ìgbìmọ̀ tí Sir Eric Ashby jẹ́ alága wọn, tí ìjọba yàn ní 1959 láti wo ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́ gíga ní Nàìjíríà, rí i bẹ́ẹ̀. Nínú ìwé tí wọ́n gbé jáde ní 1960, wọ́n ní ó yẹ kí yunifásítì kan wà ní Èkó tí yóò máa kọ́ni lọ́sàn-án àti ní ìrọ̀lẹ́, kí ó sì máa fi ẹ̀kọ́ ránṣẹ́ sí àwọn tí ó jìnnà. Yunifásítì Èkó bẹ̀rẹ̀ ní 1962. Ṣùgbọ́n ó di ọdún 1974 kí ẹ̀ka tí ń fi ẹ̀kọ́ ránṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Yunifásítì Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀ irú tirẹ̀ ní 1988.

Láàrin àkókò yìí, ọ̀rọ̀ àwọn olùkọ́ gba àbójútó tirẹ̀. Ní 1976 ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fún gbogbo ọmọ Nàìjíríà, àwọn ọmọ sì ya bo ilé-ẹ̀kọ́. Olùkọ́ kò tó. Ọdún yìí kan náà ni a dá National Teachers' Institute sílẹ̀ ní Kàdúná, kí àwọn olùkọ́ lè máa kọ́ ẹ̀kọ́ síwájú sí i láìfi kíláàsì wọn sílẹ̀. Nígbà tí ó yá, ìjọba ní ìwé-ẹ̀rí Grade II kò tó mọ́, ìwé-ẹ̀rí N.C.E. ni olùkọ́ gbọ́dọ̀ ní. Màmá kíláàsì wa wà nínú àwọn tí ọ̀rọ̀ yìí bá. Grade II ni ó fi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ọjọ́ ìsinmi ọ̀sẹ̀ àti àkókò ọlidé ni ó fi ka N.C.E., ọmọ ọwọ́ ń bẹ lẹ́yìn rẹ̀. Ìwé-ẹ̀rí yìí ni ó fi gba ọ̀nà tí a ń pè ní Direct Entry wọlé, èyí tí ó jẹ́ kí ó bá wa ní ọdún kejì. Àwa rò pé ó fo ọdún kan. Kò fo nǹkan kan. Ogún ọdún ni ó fi rin ọ̀nà tí àwa fi oṣù díẹ̀ rìn.

Ọ̀nà kẹrin ni ó gbòòrò jù, òun náà ni a sì dí pa rí. Ní ọdún 1969 àwọn Gẹ̀ẹ́sì dá Open University sílẹ̀, yunifásítì tí àgbàlagbà lè wọ̀ láìfi ilé àti iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀. Nàìjíríà náà wò ó, ó wù wá. Ní 1983, ní ayé ìjọba Alhaji Shehu Shagari, ilé aṣòfin ṣe òfin tí ó dá National Open University sílẹ̀. Ní òpin ọdún náà ni àwọn ológun gba ìjọba, nígbà tí ó sì di oṣù kẹrin ọdún 1984, wọ́n ti ilẹ̀kùn rẹ̀ pa. Ọdún 2001 ni ìjọba Olóyè Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ tó tún un ṣí. Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀. Ọdún 17 ni. Ẹni tí ó jẹ́ ẹni 40 ọdún nígbà tí a ti ilẹ̀kùn náà ti di ẹni 57 kí ó tó ṣí. Òṣìṣẹ́ tí ó bá ti ń múra àtiwọlé ní 1984 ti súnmọ́ ìfẹ̀yìntì. Ìjọba lè sọ pé òun fi owó pamọ́, ṣùgbọ́n kò sí báńkì tí yóò dá ọdún 17 padà fún ọmọ aráyé.

Lónìí ibùdó ẹ̀kọ́ yunifásítì náà, tí gbogbo wa mọ̀ sí NOUN, lé ní 100 káàkiri ilẹ̀ Nàìjíríà. Olóyè Ọbásanjọ́ tí ó tún un ṣí náà lọ forúkọ sílẹ̀ níbẹ̀ lẹ́yìn tí ó kúrò lórí oyè Ààrẹ, ó kọ́ ẹ̀kọ́ nípa ìsìn Kristẹni, ó sì gba oyè ọ̀mọ̀wé ní 2018 nígbà tí ó ti pé ẹni 80 ọdún. Ẹni tí ó bá fẹ́ràn ọkùnrin náà tàbí tí kò fẹ́ràn rẹ̀, kò lè sọ pé ó ṣí ilẹ̀kùn tí òun fúnra rẹ̀ kò lè gbà wọlé.

Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò ta kò mí. Wọn yóò ní àyè kò tó fún àwọn ọmọdé, kí ni àgbàlagbà tún ń wá? Òótọ́ ni pé àyè kò tó. Ní ọdún 2024 nìkan, àwọn tí ó forúkọ sílẹ̀ fún ìdánwò JAMB lé ní 1,900,000, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni kò sì rí yunifásítì wọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ń ti ilé rẹ̀ kàwé ní Ṣakí tàbí ní Ìkòròdú kò gba ibùsùn ẹnikẹ́ni nínú ọgbà. Bí a bá sì wo ẹ̀yìn wò, ìdí tí àgbàlagbà fi ń wá àyè lónìí ni pé a kò fún un ní àyè nígbà tí ó jẹ́ ọmọdé. Àìtó àyè tí ó bá Awólọ́wọ̀ ni ó bá Màmá, òun náà ni ó sì bá àwọn ọmọ tí JAMB dá padà ní ọdún tí ó kọjá. Bí àwọn wọ̀nyí kò bá rí ọ̀nà lónìí, àwọn náà ni àgbàlagbà akẹ́kọ̀ọ́ tí àwọn ọmọ wa yóò máa fi rẹ́rìn-ín.

Àwọn mìíràn yóò ní ìwé-ẹ̀rí irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ kò tó ìwé-ẹ̀rí tiwa. Ọ̀rọ̀ yìí ti pa àwọn ènìyàn lára. Àwọn tí ó kọ́ ìmọ̀ òfin ní NOUN jáde tán, ṣùgbọ́n fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún ni a kò gbà wọ́n sí ilé-ẹ̀kọ́ àwọn agbẹjọ́rò, nítorí a ka ẹ̀kọ́ wọn sí ẹ̀kọ́ àfiránṣẹ́. Ọdún 2018 ni a tó tún òfin yunifásítì náà ṣe nítorí ọ̀rọ̀ yìí. Mo bi ara mi léèrè pé, ẹ̀kọ́ wo ni Awólọ́wọ̀ fi gba oyè ní 1944?

Bí ẹnikẹ́ni nínú ilé yín bá ń rò ó láti padà sí ìdí ìwé, ẹ sọ èyí fún un. Ohun àkọ́kọ́ tí yóò nílò ni ìwé-ẹ̀rí oníwèé mẹ́wàá tí ó ní kírẹ́díìtì márùn-ún, kí Gẹ̀ẹ́sì sì wà nínú wọn. Bí kò bá ní i, kì í ṣe dandan kí ó tún wọ aṣọ ilé-ẹ̀kọ́; ó lè forúkọ sílẹ̀ fúnra rẹ̀ fún ìdánwò WAEC tí ó wà fún àwọn tí kò sí ní ilé-ẹ̀kọ́. Bí ó bá ní N.C.E. tàbí ìwé-ẹ̀rí pólì, Direct Entry wà fún un. Bí kò bá lè fi ọjà tàbí iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀, NOUN kò béèrè ìdánwò JAMB, Ìbàdàn, Èkó àti Ifẹ̀ sì ní ẹ̀ka tí ń kọ́ àwọn tí ó jìnnà. Bí ó bá jẹ́ olùkọ́, ó lè wá ẹ̀kọ́ àkókò ọlidé tí a ń pè ní sandwich. Ẹni tí ó bá sì ti lé ní 30 ọdún kí ó tó gboyè, a kò ní sọ pé kí ó lọ sìn ìlú fún ọdún kan, ìwé ìdásílẹ̀ ni wọn yóò fún un.

Mo padà lọ bá Màmá. Mo dọ̀bálẹ̀, mo bẹ̀ ẹ́ nítorí ẹ̀rín ọjọ́ náà, mo sì sọ fún un pé mo ti wò ó: Crowther yóò tó ẹni ọdún 33 nígbà tí ó padà sí ilé-ẹ̀kọ́ ní Lọ́ńdọ̀nù.

Màmá wò mí títí. Ó ní, "Ọdún 33? Ọmọdé mà ni!" Òun náà wá rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín rẹ̀ sì dùn ju tiwa lọ. Ó ní kí n dìde, pé ìdánwò ti dé tán, pé kí n wá fi bí wọ́n ti ń forúkọ sílẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà han òun, òun yóò sì fi àwọn òwe tí olùkọ́ ní kí a kó jọ han èmi. Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe. Ó kó 40 òwe fún mi láìwo ìwé. Lára wọn ni èyí tí mo fi ṣe àkọlé ọ̀rọ̀ yìí, àkọtọ́ tuntun ni ó sì fi kọ ọ́, kò sí àṣìṣe kan níbẹ̀.